Wò Ó Kí O Tó Sọ̀rọ̀: Òtítọ́ Nípa Ara Yíyún Tí Kò Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ara yíyún ni. Ta ni ara kì í yún? Ẹ̀fọn lè jẹni, ooru lè mú kí ara ta, èèrà lè gùn wá, a ó họ ọ́, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n yíyún kan wà tí kì í lọ. Ó wà lónìí, yóò tún wà ní oṣù tí ń bọ̀. Ó ń gba oorun lójú ẹni ní òru, ó ń dójú ti ẹni láàárín àwùjọ, ó ń mú kí ọmọ ilé ìwé máa họra nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé, ó sì ti da ilé ọkọ mìíràn rú. Irú yíyún bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe lórí rẹ̀ rí, n kò sì fẹ́ kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn tàbí ìyá ilé kankan tún irú rẹ̀ ṣe.

ÀṢÌṢE TÍ MO ṢE

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ṣe àkóso ìjọ kan ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, arábìnrin kan wá bá mi láti abúlé kan tí kò jìnnà sí etí odò, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń dáko. Ó ní ara ti ń yún òun láti bí oṣù kan ààbọ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni ó máa ń le. Ó ti ra oríṣiríṣi ọṣẹ, ó ti ra ìpara lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀, kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́. Ó wá sọ fún mi pé àárín ìgbà tí ìyá ọkọ òun wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àwọn, tí ó ń bá àwọn ọmọ sùn lórí ẹní kan náà, ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ti mọ ibi tí ọkàn mi lọ. N kò wo ọwọ́ rẹ̀. N kò béèrè bóyá ara ń yún ẹlòmíràn nínú ilé. Mo ṣí Bíbélì sí Deuterónómì orí 28, níbi tí a ti ka ara yíyún mọ́ àwọn ègún, mo sì sọ fún un pé ogun ìdílé ni. Mo ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí òun àti àwọn ọmọ wá sùn ní ilé àdúrà, mo sì ní kí ó yẹra fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó di iná. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ pé aya òun ń pe ìyá òun ní àjẹ́. Ìyá àgbà náà, tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, padà sí Ìlá pẹ̀lú omijé lójú. Láti ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti ń wò ó tìfura-tìfura.

Arábìnrin náà gba ààwẹ̀, a gbàdúrà, wọ́n padà sílé, ara ṣì ń yún un. Nígbà tí ó tó bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún èmi náà. Ó yún ìyàwó mi. Ó yún ọmọ wa tó kéré jù, ẹni tí ó ti bá àwọn ọmọ arábìnrin náà sùn ní ilé àdúrà. Ní òru ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jókòó tí a ń họra, ìyàwó mi wò mí, ó ní, "Bàbá, bí ó bá jẹ́ ìyá ọkọ arábìnrin yẹn ló ń ṣe é, àwa wá ńkọ́? Kí ni a ṣe fún màmá náà?" N kò rí èsì fún un.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ilé ìlera alábọ́dé. Nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kéré débi pé mo lè bí i lọ́mọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì wá kí n wò ó." Ó wo àárín ìka mi, ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó ní kí n gbé ẹ̀wù sókè kí òun wo ìdodo mi. Ó béèrè pé, "Ṣé ó máa ń le sí i lálẹ́, sà? Ta ni ara tún ń yún nínú ilé yín?" Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó fi mọ ohun tí ó ń ṣe wá. Ó ní kúrúnà ni. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ohun tí n kò rí nínú ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi lé ẹlòmíràn lórí, ọmọdé náà rí i nítorí pé ó wò ó.

ÀLÙFÁÀ A MÁA WÒ

Nígbà tí mo délé, mo ṣí Lefítíkù orí 13. Mo ti kà á nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ohun kan bá yọ sí ara ọmọ Ísírẹ́lì, àlùfáà ni wọ́n ń mú un tọ̀ lọ. Kí ni Ọlọ́run ní kí àlùfáà ṣe? Ó ní kí ó wò ó. Kí ó wo awọ ara, kí ó wo irun ibẹ̀ bóyá ó ti funfun, kí ó wò ó bóyá ó jìn wọnú. Bí kò bá dá a lójú, kí ó dúró fún ọjọ́ méje, kí ó sì tún un wò. Bí kò bá tíì dá a lójú, ọjọ́ méje mìíràn. Láti ẹsẹ 47 títí dé òpin orí náà, ọ̀rọ̀ aṣọ ni: kí wọ́n yẹ aṣọ wò, kí wọ́n fọ èyí tó yẹ ní fífọ̀. Ọlọ́run tí ó mọ ohun gbogbo kò fún ìránṣẹ́ rẹ̀ láyè láti sọ̀rọ̀ lórí ara ènìyàn láì tíì wo ara náà.

Ẹ tún rántí Jóòbù, tí ó jókòó sínú eérú tí ó ń fi àpáàdì họ ara rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Nígbẹ̀yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, Jóòbù ni ó sì gbàdúrà fún wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tó sọ ohunkóhun sí ẹni tí ara ń yún, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta. Níbo ni ó ti ń yún un jù? Ta ni ara tún ń yún nínú ilé? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ni ó sì máa ń le jù? Ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta yìí máa ń tọ́ka sí ọ̀nà.

KÚRÚNÀ: ÀRÙN GBOGBO ILÉ

Bí yíyún náà bá wà ní àárín ìka ọwọ́, ní ọrùn ọwọ́, ní abẹ́ apá, ní ìdodo, ní ìbàdí, ní abẹ́ ọmú obìnrin tàbí ní ojú ara ọkùnrin, tí ó ń le ní òru, tí ó sì ju ẹnìkan lọ tí ó ń họra nínú ilé, kúrúnà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ rò. Ní ara ọmọ ọwọ́, ó máa ń wà ní àtẹ́lẹwọ́, ní àtẹ́lẹsẹ̀, àti ní orí pàápàá.

Kòkòrò kan ni ó ń fà á. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i dáadáa. Abo rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ ara, níbẹ̀ ni yóò máa yé ẹyin sí. Láti ọdún 1687 ni Giovanni Cosimo Bonomo, oníṣègùn ọmọ Ítálì, ti kọ̀wé nípa kòkòrò yìí lẹ́yìn tí ó fi awò amúǹkan-tóbi wò ó. Nítorí náà, ó ti lé ní 300 ọdún tí aráyé ti mọ ohun tó ń fa kúrúnà. Ní ọdún 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí a ti pa tì, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 200 mílíọ̀nù ènìyàn ni ó máa ń wà lára wọn lẹ́ẹ̀kan náà káàkiri ayé. Kì í ṣe àrùn àwọn ọ̀bùn nìkan. Ibi tí ènìyàn bá ti ń fara kan ara, tí wọ́n ń sùn pọ̀ lórí ibùsùn kan, ni ó ti ń ràn: ilé ìwé tí ọmọ ń gbé, ọgbà ẹ̀wọ̀n, bárékè, àti ilé àdúrà wa pẹ̀lú.

Ẹ fetí sí ibi tí ó ti tàn mí jẹ. Ẹni tí kò ní kúrúnà rí, bí ó bá kó o lónìí, ara rẹ̀ lè má yún títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Láàárín ìgbà yẹn, ó lè ti kó o ran ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹni tí a rí lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ tí yíyún bẹ̀rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó gbé e wá. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà bi arábìnrin wa léèrè ọ̀rọ̀ dáadáa, ó hàn pé ọmọ wọn àgbà ti wá lo ìsinmi nílé láti ilé ìwé tí ó ń gbé, oṣù kan kí màmá náà tó dé, ó sì ń họra nígbà náà. Màmá náà kò gbé nǹkan kan wá. Ńṣe ni ó kó o lórí ẹní àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìlá, níbi tí ó ti ń dá họra nínú yàrá, tí kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ súnmọ́ ọn.

BÍ A ṢE Ń WO KÚRÚNÀ

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kúrúnà rí. Ẹnìkan kì í dá a wò. Gbogbo ẹni tí ń gbé inú ilé náà, àti ẹni tí ara ń yún àti ẹni tí ara kò tíì yún, ni yóò lo oògùn ní ọjọ́ kan náà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí: wọn a fi oògùn pa ọmọ kan lónìí, ti èkejì di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kòkòrò náà yóò sì máa ti ara èkejì padà sí ara èkíní.

Oògùn rẹ̀ kò ṣòro. Ìpara permethrin wà, a máa ń fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ní alẹ́, kí a fi sílẹ̀ di òwúrọ̀ kí a tó wẹ̀ ẹ́ kúrò, kí a sì tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méje. Oògùn olómi funfun tí ń jẹ́ benzyl benzoate wà, òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré. Ó máa ń ta lára, a sì gbọ́dọ̀ là á mọ́ omi fún ọmọdé gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì bá ṣe wí. Ìpara imí ọjọ́ náà wà, ó dára fún ọmọ ọwọ́ àti aláboyún. Ẹ má ṣe fo àárín ìka, abẹ́ èékánná, àti ìdí. Bí ẹ bá fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á, ẹ tún un pa sí ọwọ́.

Ní ọjọ́ kan náà, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ, aṣọ ìbora àti aṣọ ibùsùn, kí ẹ sì sá wọn sí oòrùn títí wọn yóò fi gbẹ dáadáa. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ sì so ó fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kòkòrò náà kì í pẹ́ kú bí kò bá ti sí lára ènìyàn.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ọkàn yín má baà rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán, ara ṣì lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ máa pa oògùn lójoojúmọ́, yóò bó yín lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó wò yín. Ẹ má sì fojú kéré ojú ibi tí a họ tí ó ti ń ṣọyún, nítorí pé àrùn tí ń gba ibẹ̀ wọlé lè ba kíndìnrín ọmọdé jẹ́.

INÁRUN: YÍYÚN TÍ Ó TI ETÍ ODÒ WÁ

Gbogbo ilé arábìnrin náà lo oògùn ní ọjọ́ kan náà, títí kan màmá náà ní Ìlá. Lẹ́yìn oṣù kan, ara gbogbo wọn ti balẹ̀, àyàfi ti ọkọ. Mo ti kọ́gbọ́n, nítorí náà mo béèrè pé kí n wò ó. Tirẹ̀ kò sí ní àárín ìka. Ìdí, ìbàdí, itan àti ojúgun ni ó ti ń yún un, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún kí ọ̀rọ̀ kúrúnà tó dé. Awọ ìdí rẹ̀ ti nípọn, ó ti hunjọ bí ti arúgbó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ojúgun rẹ̀ ti ní àbàwọ́n funfun tó-tò-tó. Ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀, kókó kan wà lábẹ́ awọ tí ń yí lọ yí bọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, tí kì í dùn ún. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wa rí i, ó ní inárun ni.

Àrùn yìí kan náà ni ó ń fọ́ ojú àwọn ènìyàn ní etí odò. Kòkòrò dúdú kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí kókósọ, tí àwọn ará oko ń pè ní amùkúrù, ni ó ń gbé e kiri. Ọ̀sán ni ó máa ń jẹni. Kì í yé ẹyin sínú omi adágún bí ẹ̀fọn, omi tí ń sáré, tí ń hó lórí àpáta, ni ó fẹ́. Ẹ̀yin ará Ìgbómìnà, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ti dé ibi omi Ayíkúnnugbà ní Òkè-Ìlá yóò mọ irú omi tí ń sáré lórí àpáta. Ibi tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí, tí oko sì súnmọ́ ọn, ni kí a ti ṣọ́ra.

Bí amùkúrù bá jẹ ẹni tó ní àrùn náà lára, tí ó sì tún jẹ ẹlòmíràn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ń kó aràn fún un. Aràn ńlá náà a máa gbé inú kókó yẹn, ó lè wà láàyè fún ọdún 10 sí 15. Abo rẹ̀ a máa bí ọmọ aràn bí ẹgbẹ̀rún lójúmọ́, àwọn wọ̀nyí a sì máa rìn kiri lábẹ́ awọ. Bí wọ́n bá ń kú níbẹ̀ ni ara ń yún. Bí wọ́n bá dé inú ẹyinjú tí wọ́n sì ń kú síbẹ̀, ojú yóò máa ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, yíyún yìí jẹ́ ìkìlọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní àkókò lè gba ojú rẹ̀ là.

Oògùn tí a ń lò fún un ni ivermectin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Mectizan. Láti inú erùpẹ̀ tí Satoshi Ōmura bù ní Japan, ní ìtòsí pápá kan tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe é. Òun àti William Campbell gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015 nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ Merck tí ó ṣe oògùn náà jáde kéde pé àwọn yóò máa fi í tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àrùn yìí, iye tó bá pọn dandan, títí dìgbà tó bá pọn dandan. Láti ọdún 1995 títí di ọdún 2015, ètò kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bójú tó mú kí abúlé kọ̀ọ̀kan ní Áfíríkà fúnra rẹ̀ yan ẹni tí yóò máa pín in fún wọn. Nàìjíríà wà nínú ètò náà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni wọ́n fi pín in ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga ènìyàn kí wọ́n tó mọ iye hóró tí yóò gbé mì, láti ẹyọ kan sí mẹ́rin.

Mo wá bi bàbá náà pé, "Ṣé ẹ kò gbà á nígbà tí wọ́n ń pín in ni?" Ó ní òun lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ojú òun wú, ara òun yún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ méjì, òun sì búra pé òun kò tún ní fẹnu kàn án. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ó fi ń gbà á lọ́wọ́ wọn tí ó ń dà á nù. Nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé fún un pé àwọn ọmọ aràn tí ń kú lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ó fa wíwú àti yíyún yẹn. Bí ó bá ń lò ó lọ́dọọdún, wọn yóò máa dínkù, ìdààmú náà yóò sì máa dínkù. Oògùn náà ń pa àwọn ọmọ aràn, kì í sì í pa ìyá wọn tó wà nínú kókó. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ máa lò ó lọ́dọọdún, fún ọdún 10 sí 15, títí aràn ńlá yóò fi gbó kú.

A kì í fún aláboyún, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tàbí tí kò tíì ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, àti ẹni tí àìsàn líle dá dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí aràn rí tí ó kọjá lójú rẹ̀, kí ó sọ fún àwọn elétò ìlera kí ó tó gbé e mì. Ẹ má ṣe ra oògùn tí wọ́n fi ń wo ẹran, kí ẹ wá fi ìwọ̀n ẹran gbé e mì.

Àrùn yìí ṣeé ṣẹ́gun. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé orílẹ̀-èdè Niger, aládùúgbò wa ní àríwá, ti fòpin sí ìtànkálẹ̀ rẹ̀, àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Nàìjíríà tiwa náà ń bọ̀ lọ́nà: ní Ìpínlẹ̀ Plateau àti Nasarawa, wọ́n ti dá ìtànkálẹ̀ rẹ̀ dúró. Àwọn tí wọ́n gbé oògùn mì lọ́dọọdún ni Ọlọ́run lò láti ṣe é.

ÀWỌN OHUN MÌÍRÀN TÍ Ń MÚ ARA YÚN

Kì í ṣe gbogbo yíyún ni kúrúnà tàbí inárun. Làpálàpá a máa yún, òrùka ni ó máa ń ya sára, etí rẹ̀ a sì ga ju àárín lọ. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara tí ń bó ara, tí wọ́n po oògùn alágbára mọ́. Yóò mú kí làpálàpá dàbí èyí tó ń lọ, lẹ́yìn náà yóò padà wá pẹ̀lú agbára. Awọ gbígbẹ nígbà ọyẹ́ a máa yún, pàápàá lára arúgbó. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ju kí ó dín omi gbígbóná àti kànrìnkàn kù, kí ó sì fi òrí para bí ó bá ti wẹ̀ tán.

Oògùn tí a gbé mì lè mú ara yún pẹ̀lú. Àwa tí a ti lé ní àádọ́ta ọdún kò gbàgbé klorokúìnì. Ibà ń lọ, ṣùgbọ́n ara ń gúnni bí abẹ́rẹ́, àwọn mìíràn a sì ju oògùn náà nù. Kò sí ẹni tí ó pe ìyẹn ní ogun ìdílé, nítorí pé gbogbo wa mọ ohun tí a gbé mì. Láti ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi àwọn oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀ fún ibà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì kọjá: ẹ ronú lórí ohun tí ẹ jẹ, tí ẹ mu, tàbí tí ẹ fi para kí yíyún tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn yíyún kan wà tí kò yẹ kí wọ́n sun di ọ̀la. Bí ara bá ń yún tí ojú sì ń pọ́n bí ata rodo aláwọ̀ ìyeyè, ẹ̀dọ̀ lè ní ìṣòro. Bí aláboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà bá ń yún ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ọmọ inú rẹ̀. Bí ẹni tí ara ń yún bá tún ń rù, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ṣáá, tí ó ń tọ̀ léraléra, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù, omi bátìrì, tàbí oògùn apakòkòrò tí a fi ń fín kòkó para. Májèlé ni wọ́n. Awọ ara a máa mu wọ́n wọ inú ẹ̀jẹ̀, ti ọmọdé sì burú jù.

ÀDÚRÀ ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, ṣé pásítọ̀ ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ ni? Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ní àwọn ọdún 1930, lẹ́yìn ìsọjí ńlá ti Òkè-Ooye ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ oògùn kìnínì tí àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò wà lára ohun tí ó fa ìyapa láàárín àwọn àti àwọn baba wa. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, ẹ̀rí ohun tí Ọlọ́run fi ọwọ́ wọn ṣe sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka Bíbélì tán. Nígbà tí Hesekáyà ń ṣàìsàn dé ojú ikú, ó gbàdúrà, Ọlọ́run gbọ́, ó sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Wòlíì Àìsáyà kan náà tí ó mú ìdáhùn náà wá ni ó ní kí wọ́n mú odidi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo náà. Àdúrà ti gbà, wọ́n sì tún fi oògùn lé e. Lúùkù tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni.

Mo ṣì ń gbàdúrà fún ẹni tí ara ń yún. Ṣùgbọ́n mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ kí n tó di ojú mi.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ohun tí ó ṣòro jù fún mi kì í ṣe oògùn pípa. Ìlá tí mo ní láti lọ ni. Mo mú arábìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, a lọ bá màmá náà nínú yàrá rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ foríjì mí, Mà. Èmi ni mo sọ ohun tí n kò mọ̀." Ìyàwó ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sunkún. Màmá náà dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pásítọ̀, ẹ dìde. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹ kò bi mí." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ó ní kí n wò ó, ó ti jinná.

Ó ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa nísinsìnyí. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé e sin, ìyàwó ọmọ rẹ̀ yìí ni ó sì tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan wà tí ó yẹ kí wọ́n jọ jẹun tí wọn kò jọ jẹ, n kò sì lè dá a padà fún wọn.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ̀yin ìyá àdúrà, ẹ̀yin òbí, bí ẹnìkan bá wá bá yín pé ara ń yún òun, ẹ wò ó, ẹ béèrè, ẹ mú un lọ sí ilé ìlera, ẹ sì gbàdúrà fún un. Ẹ má ṣe dárúkọ ènìyàn kankan.

Olúwa yóò fún wa ní ojú tí ń ríran àti ahọ́n tí ń dúró kí ó tó sọ̀rọ̀. Yóò wo ara wa sàn, yóò sì wo ilé wa sàn pẹ̀lú, ní orúkọ Jésù. Àmín.